Láti Òkè Ìdànrè dé Tadmakka: ìlú oníṣòwò Mùsùlùmí láàárín àpáta

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, yóò bá ìlú àtijọ́ lókè: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́. Ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n wà báyìí. Lára ohun tí wọ́n ń fi han àlejò ni àmì kan lára àpáta tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí kà.

Nígbà tí a dúró níwájú rẹ̀, ìlú mìíràn ló wá sí wa lọ́kàn, ahoro láàárín àpáta bákan náà, ṣùgbọ́n tí àkọsílẹ̀ ara àpáta tirẹ̀ ṣeé kà. Tadmakka ni. Essouk ni wọ́n ń pè é lónìí, ní agbègbè Kidal, ní àríwá Mali.

Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Al-Bakri, onímọ̀ ará Andalus, kọ ọ́ ní 1068 (460 Hijira) pé kò sí ìlú tó jọ Mẹ́kà tó o. Ó ní owó wúrà wọn kò ní òǹtẹ̀ lára, “apárí” ni wọ́n ń pè é! Ní 2005, Sam Nixon, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí àwo amọ̀ tí wọ́n ń da wúrà yíyọ́ sí, tí ẹ̀kán wúrà ṣì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà kò parọ́.

Àkọsílẹ̀ Lárúbáwá kan níbẹ̀ ní déètì 404 Hijira (1013 sí 1014). A kò tíì rí èyí tó ní déètì tó lọ́jọ́ lórí jù ú lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Èyí tó kàn wá jù ni ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Tadmakka, ní Gao àti ní Koumbi Saleh, tí èròjà rẹ̀ bá ti Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ mu. Kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù tó pọ̀ lára gíláàsì Ifẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ sí ti ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Yúróòpù.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ohun tí ẹ̀rí kò sọ. Ìlẹ̀kẹ̀ lè ti ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá kọjá kó tó débẹ̀. Kò fi hàn pé Mùsùlùmí ti wà ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé ogun Fúlàní ló kọ́kọ́ so wá pọ̀ mọ́ ayé Mùsùlùmí ní láti tún èrò wọn pa. Ọjà ti so wá pọ̀ ṣáájú ìgbà náà tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ “ìmàle” gan-an, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Mali ló ti wá.

Rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 kò jẹ́ kí ọ̀nà Kidal ṣeé rìn fún àlejò. Igbó Olókun kò jìnnà: ẹni tó bá jí kúrò ní Ìdànrè, tó gba Oǹdó, lè kírun Ọ̀sán ní Ifẹ̀.