Àfẹ̀rọfà: Orúkọ fún Àmì Àjèjì inú Àwòrán Oòrùn

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 1995, ni àjọ ESA ti Yúróòpù àti NASA ti Amẹ́ríkà fi SOHO, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ oòrùn, ránṣẹ́ sí òfuurufú. Nínú àwòrán rẹ̀ ni àwọn kan ti ń rí ohun tí ó jọ ọkọ̀ abìyẹ́, tí wọ́n sì ní ẹ̀dá àjèjì ni ó ń wà á.

Ọmọ Mushin tí ó ti gbe omi òjò rí yóò tètè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá to garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn kanra, èyí tí omi pọ̀ sí jù yóò kún, yóò sì dà sínú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ náà rí: kòtò kéékèèké ni wọ́n tò ní ìlà láti gba ìmọ́lẹ̀. Bí Àgùàlà bá ń kọjá, agbára iná tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí a kún kòtò tirẹ̀, a sì dà sọ́tùn-ún sósì. Òun ni ìyẹ́ náà.

Olùkọ́ físíìsì ní Yaba tí ó bá pè é ní ‘àbùkù’ ti sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́; èyí tí ó pè é ní ‘ẹ̀tàn’ ti fẹ̀sùn kan ẹnìkan. ‘Àfẹ̀rọfà’ ni ó bá a mu, bí ‘àfọwọ́fà’, láìsí ẹ̀bi tí ń bẹ nínú èyí. Ṣùgbọ́n kò bá àwọn àmì funfun wínníwínní tí ń bo àwòrán lẹ́yìn ìbúgbàù ńlá mu: èérún láti ara oòrùn gan-an ni ó ń ta sójú ẹ̀rọ. ‘Àtasójú’ ni kí wọ́n máa pe ìyẹn.