Ìbàdàn àtijọ́: ohun tó yẹ kí àlejò mọ̀ kó tó gun òkè Mápó

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá wọ Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ sí. Wọ́n á wo Cocoa House, wọ́n á jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì, ó di mọ́tò ìpadàsílé. Wọn ò tíì rí Ìbàdàn Olúyọ̀lé. Ìyẹn wà lórí òkè àti ẹsẹ̀ òkè láti Oníyanrìn dé Bẹẹrẹ, Mápó, Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká. Agbègbè yìí ni àwọn jagunjagun pàgọ́ sí lẹ́yìn ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1829, torí ẹni tó bá wà lórí òkè á ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Ogun parí, àgọ́ ò tú.

Kò sí pé òkè náà ga débi tí èémí á fi máa há èèyàn. Sana'a, ìlú àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ ní Yẹ́mẹ́nì, ga ju ojú òkun lọ ní mítà tó lé ní 2,200. Ibi tó ga jù n'Ìbàdàn ò ju nǹkan bíi mítà 275 lọ. Orúnkún ni òkè Ìbàdàn ń dán wò. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí àlejò wọ̀, kó mú omi dání, kó sì tètè jí. Takisí Máíkírà tàbí kẹ̀kẹ́ á gbé e dé Bẹẹrẹ. Ó kù sí ẹsẹ̀, torí ọ̀nà àárín agboolé ò gba ọkọ̀.

Mápó ló yẹ kó kọ́kọ́ gùn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Taffy Jones, ẹnjiníà òyìnbó, ló kọ́ ọ. Àwọn aláró ìgbà náà fẹ́ràn òpó rẹ̀ débi pé wọ́n yà á sára àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, pẹ̀lú ṣíbí láàárín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé adé Olúbàdàn lé Olóyè Lékan Balógun lórí ní March 11, 2022, àti Rashidi Ládọ̀jà ní September 26, 2025. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù láti lọ, torí àwọn olóde ń háyà gbọ̀ngàn náà. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á rí páànù tó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹ títí ojú ò fi rí òpin rẹ̀ mọ́.

Ọjà'ba ló wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí àlejò ti rìn ibẹ̀ tán kó tó di ọ̀sán, torí èrò tó ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò máa ń dí ọ̀nà. Kò yẹ kó ṣàdédé na kámẹ́rà sí ìyá tó ń tajà. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kó kí i, kó ra nǹkan, kó tó tọrọ àyè.

Agboolé ńkọ́? Ilé onílé ni.

Àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ jagunjagun ṣì ń gbé inú àwọn agboolé náà. Wọ́n ń sáṣọ síbẹ̀, wọ́n sì ń sin òkú wọn sẹ́yìnkùlé. Kí àlejò kágò lẹ́nu ọ̀nà, kó béèrè mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, kó sì sọ ohun tó bá wá. Bí mọ́gàjí bá rí i pé ó mọ̀wà hù, ìtàn tí yóò sọ fún un lè má sí nínú ìwé kankan.

Bí okun bá ṣì wà, àdúgbò Kúdẹtì ò jìnnà. Ibẹ̀ ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853 láti wàásù, ìjọ St David sì wà níbẹ̀ títí dòní. Lórí Òkè Ààrẹ, níbi tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà kan, gbé, ni ilé gogoro Láyípo wà. Wọ́n kọ́ ọ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba n'Ìbàdàn ní 1893. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni. Ẹni tí òòyì tètè ń kọ́, kó rọra gùn ún.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú òkè mọ́lẹ̀ ní December àti January. Nígbà òjò, kí ẹnikẹ́ni má dúró létí odò Ògùnpa: omíyalé August 31, 1980 kó ẹ̀mí àti ilé lọ. March máa ń mọ́lẹ̀ kedere, àmọ́ oṣù yẹn náà ni ọdún Òkèbàdàn sábà máa ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, ọjà ń tì, àwọn èèyàn á sì máa fi orin bú ara wọn láìsí ìbínú. Àlejò tó bá gbọ́ èébú, kó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ òkè, kó béèrè ọjọ́ ọjà Òjé lọ́wọ́ ará ìlú kó tó gbéra. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún-mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń ná an, kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ọjà ọ̀hún sì ń kún.