Ṣé O Mọ̀? Roy Francis, Akọ́nimọ̀ọ́gbá Aláwọ̀ Dúdú

Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé, aláwọ̀ dúdú ló ń darí ẹgbẹ́ rọ́gbì Hull FC. Roy Francis lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Cardiff lọ́dún 1919, ó dàgbà ní Brynmawr, ní Wales, ó sì wọ ẹgbẹ́ Wigan ní ọmọ ọdún 17 láti máa gbá rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá.

Ìgbà 229 ló gbé bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Great Britain ò mú un lọ sí Australia lọ́dún 1946, nítorí pé wọ́n ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni! Ọdún kan lẹ́yìn náà ló gbá fún Great Britain.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló gbé orúkọ rẹ̀ ga jù. Ó máa ń fi fíìmù ìdíje han àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kí wọ́n lè rí àṣìṣe wọn, ó sì máa ń ṣètò ọkọ̀ tó ń gbé ìyàwó àti ọmọ wọn wá sí pápá. Lábẹ́ rẹ̀, Hull di ọ̀gá líìgì lọ́dún 1956 àti 1958. Lọ́dún 1968, ẹgbẹ́ Leeds tó ń kọ́ nígbà yẹn na Wakefield Trinity ní 11 sí 10 nínú àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ní Wembley, nínú òjò tó sọ pápá di adágún. Lẹ́yìn ìyẹn, Australia kan náà ló lọ, láti kọ́ ẹgbẹ́ North Sydney.

Ère rẹ̀ wà ní Brynmawr láti ọdún 2023.