Ṣé o mọ̀ pé gbèsè rẹ ní ìwé?

Ṣé o mọ̀ pé láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n ń rán sí ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san? Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ológò á wọlé onígbèsè, á jókòó pa, á máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Adìẹ tó bá wù ú ni yóò pa jẹ, títí wọn yóò fi wá owó olówó jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ológò òde òní kì í kan ilẹ̀kùn? Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti fàyè gba báǹkì tó yá ọ lówó láti fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì rẹ yòówù tó so mọ́ BVN rẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní báǹkì. O lè yáwó ní Ṣakí, kó o lọ tọ́jú owó àgbàdo sí báǹkì mìíràn n'Íbàdàn. Wọ́n á bá a níbẹ̀. Àmọ́ owó tó o yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fà lọ́nà yìí, wọn ò gbọdọ̀ fi owó ìtanràn kún un.

Ṣé o mọ àwọn tó ń tọ́jú ìwé tí wọ́n ń kọ ìtàn gbèsè rẹ sí? Ilé-iṣẹ́ CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni. Báǹkì, máíkírófáínáǹsì àtàwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ń fi orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san ránṣẹ́ sí wọn. Òfin tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò buwọ́ lù ní 2017, nígbà tó ń delé fún Ààrẹ, fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. BVN rẹ ni wọ́n máa béèrè. Tó o bá ti gbàgbé rẹ̀, tẹ *565*0# lórí nọ́ńbà tó o fi forúkọ sílẹ̀.

Bí ìwé ọ̀hún bá dé, má wo máàkì tí wọ́n fún ọ nìkan. Ka ìlà kọ̀ọ̀kan: ta ló yá ọ, ọjọ́ wo, èló ló kù. Tí wọ́n bá kọ Performing síbẹ̀, ìyẹn pé ò ń san án bó ṣe yẹ, fọkàn balẹ̀. Ní báǹkì ńlá, gbèsè tó bá fi 90 ọjọ́ kọjá àsìkò á di Substandard. Tó bá di 180, Doubtful. Tó bá ju 360 lọ, Lost, ìyẹn gbèsè tí wọ́n kà sí èyí tó ti sọnù. Ní máíkírófáínáǹsì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa ti ń yáwó, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ó kọjá 90 ọjọ́ péré, Lost ni. Ta ló gbin ẹ̀gẹ́ rí tó fi oṣù mẹ́ta rówó rẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn pé kí ẹ tètè lọ bá báǹkì kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, kí ẹ ní kí wọ́n sún un sí ìgbà ìkórè. Ẹni tó lọ ṣáájú ni wọ́n ń fetí sí. Ẹni tó ń sá, orúkọ rẹ̀ ló ń bàjẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé owó Anchor Borrowers tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn àgbẹ̀ ní Kebbi loṣù kọkànlá ọdún 2015 ní èlé 9 nínú ọgọ́rùn-ún? Ọ̀pọ̀ èèyàn pè é ní owó ìjọba, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀yáwó ni.

Tí àṣìṣe bá wà nínú ìwé rẹ, kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó fún ọ níwèé àti ẹni tó yá ọ lówó; ẹ̀tọ́ rẹ ni kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un ṣe. Tó bá jẹ́ òótọ́, san án, kó o sì gba ìwé pé o kò jẹ wọ́n mọ́. Ẹni tó bá ní kó o mú owó wá kóun pa gbèsè tòótọ́ rẹ́, olè ni.

Ṣé o mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù? Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn. Ó ń gba òwú láwìn, ó ń hun aṣọ òkè, ó ń tà á, ó ń san owó olówùú pé. Kì í jẹ́ kí èsúsú yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n ní olóòótọ́, síbẹ̀ bí báǹkì bá wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ó lè má bá ìlà kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ló bá Wemimo Abbey, ọmọ tó dàgbà l'Ékòó, nígbà tóun àti ìyá rẹ̀ dé Amẹ́ríkà: báǹkì ò yá wọn lówó torí pé wọn ò ní àkọsílẹ̀ kankan. Ní 2018 lòun àti Samir Goel dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Esusu ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí owó ilé tí ayálégbé ń san lásìkò máa wọ inú ìwé rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n ti díye lé e ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olówùú àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, kí àwìn òwú tí wọ́n san pé lè di àkọsílẹ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ahunṣọ lè yá owó kékeré tí agbára rẹ̀ ká ní máíkírófáínáǹsì, kó san án kí ọjọ́ tó pé, kó sì padà lọ béèrè lóṣù tó tẹ̀ lé e bóyá wọ́n ti fi ránṣẹ́.