Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Endre Szemerédi, Àgbà Onímọ̀ Ìṣirò

Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2012, Ọba Harald ti orílẹ̀-èdè Norway fi ẹ̀bùn Abel lé Endre Szemerédi lọ́wọ́ ní ìlú Oslo. Ẹ̀bùn yìí wà lára èyí tí ó ga jù lọ tí onímọ̀ ìṣirò lè gbà láyé. Ẹni tí ó bá rí baba ẹni ọdún 71 náà lọ́jọ́ yẹn lè rò pé láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ọmọ ìṣirò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1940. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di dókítà, ọmọ náà sì gba ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ó fi í sílẹ̀, ó di òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ fojú inú wò ó! Bí ó bá jẹ́ ilé tiwa ni, ìpàdé ẹbí ì bá ti pé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó gbà á níyànjú pé kí ó lọ kọ́ ìṣirò. Ó wọ Yunifásítì Eötvös Loránd, níbi tí ẹ̀kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Pál Turán ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí ó lọ sí Moscow fún ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé, ọ̀dọ̀ Gelfond ni ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́. Àṣìṣe orúkọ gbé e dé ọ̀dọ̀ Gelfand, tí ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀, ó parí ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1970.

Kí ni ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí? Ẹ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí: 3, 7, 11, 15. Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi jìnnà síra, láìyẹ̀, bí ọjọ́ ọjà ọrọọrún. Ní ọdún 1936, Turán yìí kan náà àti Paul Erdős dá àbá kan. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń ṣa nọ́ńbà láti orí 1 lọ sókè bí ó ti wù ú, ì báà jẹ́ ẹyọ kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń mú, kò ní ṣàì mú àwọn kan tí àlàfo àárín wọn dọ́gba, bí ibi tí ó ti ń ṣà á bá ṣáà ti gùn tó. Wọ́n lè jẹ́ mẹ́ta, wọ́n lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Klaus Roth fi ìdí ti mẹ́ta múlẹ̀ ní ọdún 1953. Szemerédi fi ìdí ti mẹ́rin múlẹ̀ ní 1969, ó sì yanjú gbogbo rẹ̀ ní 1975. Erdős san 1,000 dọ́là tí ó ti ṣe ìlérí rẹ̀.

Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ohun kan bá ti tóbi tó, bí ó ti wù kí ó rí rúdurùdu, ètò kan yóò wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò dúró sórí ìwé nìkan. Ní ọdún 1983, òun pẹ̀lú Miklós Ajtai àti János Komlós gbé ọ̀nà kíákíá kan kalẹ̀ láti to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ní 1984, òun, Komlós àti Michael Fredman fi hàn bí a ṣe lè kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò fi rí èyí tí a bèèrè láìtú gbogbo ẹrù. Ní ọdún 1986 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà.

Bàbá Endre kò ṣẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ ire fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ìṣègùn sílẹ̀ kò jókòó lásán. Ó ṣiṣẹ́, ó gba ìmọ̀ràn, ó sì tẹra mọ́ ohun tí ó bá a lára mu. Bí ọmọ tiwa bá wá sọ fún wa lọ́la pé iṣẹ́ tí a yàn fún òun kò wọ òun lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó wù ú, kí a tó pe ìpàdé ẹbí.