Hánà, Ìyá Sámúẹ́lì: Méjì Ni Wọ́n

Ẹni tó bá ti gbé Ajégúnlẹ̀ rí yóò mọ irú ilé tí ilẹ̀kùn yàrá ń kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, tí ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó pamọ́. Bí ọkọ rẹ kò bá rí iṣẹ́ ní wáàfù Àpápá lọ́sẹ̀ yìí, aládùúgbò rẹ ti mọ̀ láti ara ìkòkò ọbẹ̀ rẹ. Bí o bá sì ti lo ọdún mẹ́rin nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ, gbogbo ẹni tó bá ọ tò síbi omi ló mọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀kan nínú irú àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ ni mo bá pàdé ní ọjà Bóńdárì. Ó ní kì í ṣe àìrọ́mọbí nìkan ló ń dun òun. Ohun tó ń dun òun jù ni pé bí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ilé, wọn a ní kí òun wá bá àwọn se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í gbé ọmọ náà lé òun lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, màmá, kí ni ẹni tó wà nírú ipò yìí lè dì mú?” N kò rí èsì kan fún un lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo rántí ìyá méjì tí wọ́n jọ jẹ́ orúkọ kan náà.

Hánà àkọ́kọ́ wà nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Ọ̀rọ̀ orogún ni, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí wa: Ẹlikánà fẹ́ aya méjì, Pẹ̀nínà bímọ, Hánà kò bí. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá lọ rúbọ ní Ṣílò ni Pẹ̀nínà ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára, títí yóò fi sunkún tí kò ní lè jẹun. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó tilẹ̀ bi í bóyá òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ẹ má bínú sí i, ọkùnrin ni, ó rò pé ìfẹ́ òun ti tó. Hánà kò bá orogún rẹ̀ jà. Ó dìde, ó lọ gbàdúrà, ètè rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà rí i, ó rò pé ó ti mutí yó. Àní ẹni Ọlọ́run pàápàá ṣì í rò! Síbẹ̀ ó fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé kì í ṣe ọtí, pé ìbànújẹ́ òun ni òun ń rò fún Ọlọ́run.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí nìyí. Lẹ́yìn tí Élì ti súre fún un, Hánà lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Kò tíì lóyún nígbà náà o. Pẹ̀nínà ṣì ń bẹ nílé pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà bí kò ṣe pé ó ti gbé ẹrù náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lójú tèmi, oúnjẹ yẹn ni ìgbàgbọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó bí lẹ́yìn náà. Nígbà tó sì bí Sámúẹ́lì, tó já a lẹ́nu ọmú, ó mú un padà lọ sí Ṣílò gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́, lọ́dọọdún ló sì ń rán ẹ̀wù kékeré kan lọ fún un. Ìyá tó bá ti rán aṣọ fún ọmọ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: yóò máa fi ọkàn wọn bí apá ọmọ náà ti gùn tó lọ́dún yìí.

Hánà kejì kì í ṣe ará Ísírẹ́lì. Ọmọ Yorùbá ni, Àfàlá lorúkọ rẹ̀, ìlú Òṣóògùn ní agbègbè Ìséyìn ló ń gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ti ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú. Wọ́n kó Àfàlá, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí ọ̀kan kò tíì pé ọdún kan, àti Àjàyí ọmọkùnrin rẹ̀ tó tó bí ọmọ ọdún 12. Ní Ìséyìn, wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, pààrọ̀ náà bàjẹ́, wọ́n gba ọmọ padà, ó sì tún bá ìyá rẹ̀ pàdé. Bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jọ wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán ọmọ náà lọ gba owó wá ní ilé kan nítòsí. Kò padà wá mọ́.

Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọjá kí ó tó dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, ọkọ̀ náà sì jáde sí òkun láti ẹnu ọ̀sà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté Àpápá lónìí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀, tó sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un ní ọdún 1825, orúkọ tó sì gbà ni Sámúẹ́lì Crowther.

Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú èyí. Hánà ti Ṣílò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Ti Àfàlá, wọ́n já a gbà ni. Ta ni yóò sọ fún un bóyá kí ó máa rán ẹ̀wù, tàbí kí ó máa ṣọ̀fọ̀? Ọdún 25 ló fi wà bẹ́ẹ̀, òun pàápàá sì jìyà oko ẹrú nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó fojú kan ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ti di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣèrìbọmi fún Àfàlá pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ìyá Sámúẹ́lì ni. Orúkọ wo ni ì bá tún gbà bí kò ṣe Hánà? Ó gbé ayé títí di ọdún 1883, ọmọ tí wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin sì di bíṣọ́ọ̀bù lójú ayé rẹ̀, ní ọdún 1864. Ọmọ yìí náà ló ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tí àwọn ìyá àgbà wa ti kọ́kọ́ ka ìtàn Hánà.

N kò ní tàn yín pé gbogbo ẹni tó bá sunkún ni yóò rí bí àwọn méjèèjì ti rí. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ogun kó ọmọ wọn lọ ni kò fojú kàn wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú, omijé tiwọn náà kò sì kéré. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìgbàgbọ́ dí yín lọ́nà ilé ìwòsàn. Kí tọkọtaya jọ lọ ni, nítorí ohun tó ń fa àìrọ́mọbí lè wà lára ọkùnrin bó ti lè wà lára obìnrin. Ẹlikánà ní àwọn ọmọ Pẹ̀nínà láti fi ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń kọ̀ láti bá aya rẹ̀ lọ kò ní ẹ̀rí kankan.

Mo padà lọ sí Bóńdárì, mo sì sọ ìtàn méjèèjì fún ìyàwó yẹn bó ti ń ṣa ẹ̀fọ́ lórí àtẹ. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ibi tó wọ òun lára jù kì í ṣe ibi tí Hánà ti bímọ, ibi tó ti jẹun ni, nítorí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé, oúnjẹ alẹ́ kì í lọ lọ́fun òun. Ó ra ẹja díẹ̀ kún ẹ̀fọ́ náà, ó dágbére fún mi, ó ní òun ń lọ dáná.