Gbólóhùn "If" nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ohun gbogbo tí ó máa ń da ọmọ Yorùbá láàmú nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn tí ó ní "if" nínú kò gbẹ́yìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ le. "Bí" tiwa ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e ni wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí ó rọrùn. Bí a bá ń sọ ohun tí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, àsìkò ìsinsìnyí ni a ń lò nínú awẹ́ gbólóhùn méjèèjì: "If you heat ice, it melts." Òwe wa kún fún irú èyí: Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la ni ó kàn: "If it rains, I will stay at home." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ "If it will rain" rò pé nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀la ni a ń sọ, "will" gbọ́dọ̀ wọ ibi méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni nínú èdè tirẹ̀, "Bí òjò bá rọ̀, n óò dúró sílé" ni ó ń wí lójoojúmọ́. Inú awẹ́ kejì nìkan ni "óò" wà.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo. Ká ní onígbèsè kan kọ̀wé sí ẹni tí ó jẹ lówó pé, "If I have the money on Friday, I will pay you." Ìrètí ń bẹ níbẹ̀, owó lè dé, ó sì lè má dé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé, "If I had the money, I would pay you," ó ti jẹ́wọ́, bí kò tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀, pé owó kò sí lọ́wọ́ òun. "Had" yìí kò tọ́ka sí àná rárá. Òní ni ó ń sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi àsìkò tí ó ti kọjá hàn pé ohun tí a ń wí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa kì í yí "ní" padà. Awẹ́ kejì ni a fi ń ṣe ìyàtọ̀: "n óò san án" a di "ǹ bá san án". Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa fi máa ń gbàgbé láti yí "have" padà. Irú kan náà ni "were" inú "If I were you". Àṣẹ́kù èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni.

Bí ohun náà bá ti kọjá, "had" pẹ̀lú "would have" ni a ó lò: "If the driver had stopped, he would not have hit the child." Ẹlẹ́rìí tí ó wí báyìí níwájú adájọ́ ti jẹ́rìí pé awakọ̀ náà kò dúró, àti pé ó kọlu ọmọ. Ẹni tí ó wí pé, "If the driver stopped, I did not see it," kò dá a lẹ́bi. Kò mọ̀ bóyá ó dúró tàbí kò dúró. Ẹ rí i pé "had" kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ má ṣe kọ "If I would have known" láé. "If I had known" ni, tàbí kí a yọ "if" kúrò, kí "had" bọ́ síwájú: "Had I known." Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí "à bá mọ̀" ni àwọn baba wa so pọ̀ tí ó di "àbámọ̀".

Ó ku "unless", tí í ṣe "àfi bí". "Kò" ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé "bí o kò bá sanwó" yóò kọ "unless you pay", kì í ṣe "unless you do not pay".